Fíríwíìlì Tí Ẹ Jó Pọ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo gbà gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ,

Láti ìgbà tí a ti sin yín, mi ò tíì kọ̀wé sí yín rí. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ni mo ń kọ ọ́ fún. Tòní, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún.

Ara Màámi le. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, a ti pààrọ̀ páànù rẹ̀. Ganiyu tó jẹ́ ọmọṣẹ́ yín ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí, ní ẹ̀bá ọ̀nà Odogbolu níbí. Kò gbé àpótí ìjókòó yín kúrò. Bó bá tún táyà tò tán, á fi èékánná ta àwọn sípókì lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń dún, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo rí i, omi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí nígbà yẹn.

Kẹ̀kẹ́ mi ni mo gbé lọ bá a, èyí aláwọ̀ ewé tí ẹ fi ara kẹ̀kẹ́ oríṣiríṣi tò jọ fún mi nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ mi, Mùínátù, tó jẹ́ pé orí ìka ẹsẹ̀ ló ṣì ń rìn nígbà tí ẹ rí i gbẹ̀yìn, ní òun fẹ́ máa gùn ún lọ sílé ìwé. Mo ní kí Ganiyu fi táyà tuntun sí i, kó sì bá mi wá fíríwíìlì mìíràn, nítorí ó ti pẹ́ tí èyí tó wà nídìí rẹ̀ ti gan. Ẹ rántí bó ṣe máa ń dún tí-tí-tí lẹ́yìn mi tí mo bá dá ẹsẹ̀ dúró, tí kẹ̀kẹ́ ń dá sáré lọ? Mo fẹ́ kí ọmọ mi náà gbọ́ ọ.

Ganiyu tú táyà ẹ̀yìn, ó fi àkísà nu ìdí rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, èyí ò gan o. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀gá rèé."

Ó gbé e bọ́ sínú oòrùn. Láàárín irin inú àti irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, mo rí ojú ibi mẹ́ta tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ ti fi fáìlì fá a kí ọwọ́ má bàa mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni mo fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì inú ẹ̀, tí mo sá a kí Ọ̀gá tó gbé e lọ bá wẹ́dà," ni ó wí. "Iná kì í mú un dáadáa bí epo bá kù níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti jó o báyẹn, kò sí ìsinmi fẹ́sẹ̀ mọ́. Bí táyà bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni pẹ́dà ń yí."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ fi ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mo ń dápàárá.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀ wọ́n ni? Ọ̀gá ní ẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bà yín, pé ẹ ò fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbé yín sáré. Ẹ má bínú o, Àǹtí Jẹ́jẹ́ la máa ń pè yín ní ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni mi ò bá ṣe?

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, Ọjọ́rú kan lẹ gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ mi, tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi òróró sí i. Nígbà tó di Jímọ̀, ẹ gbé e dé, ẹ ní fíríwíìlì ti gan, pé irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, pé ẹ ti béèrè rẹ̀ dé Ìbàdàn. Ọjọ́ kejì ni a fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sáré láti Odogbolu wálé, kí wọ́n lè mú àwọn tí yóò lọ máa gbé ní Abẹ́òkúta fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ eré kẹ̀kẹ́. Ẹ ní kí n jáwọ́. Mo gbà pé ó ti gan lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lọ. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo àwọn yòókù dá ẹsẹ̀ dúró, wọ́n ń fò lọ. Pẹ́dà tèmi ń yí ju bí ẹsẹ̀ mi ṣe lè yí lọ. Ẹsẹ̀ mi yọ, irin gbá mi lójúgun, mo sì ṣubú sórí òkúta. Àwọn ọmọṣẹ́ yín tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín. Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn. Ẹ ń sunkún. Mo gbé orí lé èjìká yín, mo ń gbọ́ òórùn gíríìsì lára aṣọ yín, mo sì ń rò ó pé kò sí ọmọ tó ní bàbá bíi tèmi. Kí lẹ ń sunkún fún, Bàbá?

Ẹ mọ̀ mí. Mo bá àfáà jiyàn, mo bá tíṣà jiyàn. Bí mo bá ka ìwé, mo máa ń bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè nínú ọkàn mi pé báwo ló ṣe mọ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀ rí. Ẹ ti ní ó gan.

Mo lọ bá Màámi níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ gààrí. Mo ní, "Màámi, ṣé Bàbá ló jó kẹ̀kẹ́ mi pọ̀?"

Wọn ò gbé ojú kúrò lórí ajọ̀. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Wọn ò ní irọ́ ni. Wọ́n bu gààrí mìíràn sí ajọ̀, wọ́n ní, "Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tá a bí. Ó ní tó o bá lọ Abẹ́òkúta, òun ò ní lè sùn. Ó ní kí n panu mọ́."

Ṣé ó burú kí ẹ sọ pé ẹ ò gbà? Ǹ bá sunkún, ǹ bá kọ̀ láti jẹun, bóyá ǹ bá máa yan yín lódì títí Iléyá. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀ pé bàbá mi ló sọ pé rárá. Kàkà bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi lẹ jẹ́ kó bá yín sọ ọ́. Èyí tí mi ò tilẹ̀ lè gbé mì ni pé ẹ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé èmi ni mo bẹ̀ yín. Ṣé ojú Ganiyu ń tì yín ni? Àbí ẹ ti sọ ọ́ títí tí ẹ̀yin náà fi gbà á gbọ́?

Lánàá, Mùínátù tẹ̀ lé mi lọ gbé kẹ̀kẹ́. Ganiyu ti rí fíríwíìlì tuntun, ó fi kọ́ orí ìṣó, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ jó pọ̀ ṣì wà nídìí kẹ̀kẹ́. Ọmọ náà di pẹ́dà mú, ó yí i, ó sì fi í sílẹ̀, ó ní kí ló dé tí kò fi dúró. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Marwa ń já ara wọn gbà lójú ọ̀nà, ìyẹn ọ̀nà tó fẹ́ máa gbà lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ sì ti dé ẹnu mi pé kẹ̀kẹ́ yìí ti bàjẹ́, irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni, Bàbá.

Mo gbé e mì. Mo ní, "Bàbá àgbà ẹ ló jó o pọ̀ kí n má bàa lè sáré. Ẹ̀rù ọ̀nà yìí sì ń ba èmi náà."

Ó wò mí, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gùn ún wò bẹ́ẹ̀. Ganiyu wá ń kọ́ ọ: "Má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ rárá. Tó o bá fẹ́ rọra, fi ẹsẹ̀ dá a padà díẹ̀díẹ̀, kó o wá fa bíréèkì. Di okùn bàtà ẹ dáadáa, jàre." Ó gba ojú ọ̀nà oníyanrìn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó ti ń lọ tààrà.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ó ń gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ mi lẹ́nu."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáa ju tèmi lọ. Wọ́n sọ fún un ni.

Mo gbé fíríwíìlì tuntun náà wálé, ó wà lórí fèrèsé níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo ń fi ìka yí i, ó ń dún. Mo ṣe àdúà fún yín lónìí bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti máa ń ní kí Ọlọ́run foríjì yín, mo ṣì tọrọ rẹ̀. Ti Ọlọ́run ni mo bá yín tọrọ. Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀,
Àǹtí Jẹ́jẹ́.