Màmá Ṣọ́ọ̀kì, Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́, àti Sátidé Ìkẹyìn

Ọdún 1946 ni a bí ìyá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Màmá Ṣọ́ọ̀kì, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Bàbá wọn ni káfíńtà náà. Ìyá wọn ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1953, wọ́n sì gboyè olùkọ́ ní 1966. Ní 1970, wọ́n fẹ́ bàbá wa, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ pé látìgbà tí òun ti gbéyàwó, eruku ṣọ́ọ̀kì ni òun ń gbọ̀n kúrò lára aṣọ.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún níwájú pátákó, wọ́n kọ́ ìlànà ìkọ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Waldorf: kí ọmọdé fi ọwọ́ àti ọkàn kẹ́kọ̀ọ́ kí orí tó gbà á, kí olùkọ́ sọ ìtàn láìwo ìwé, kó sì ju pàṣán nù. Ní 1998, wọ́n ṣí kíláàsì ọjọ́ Sátidé fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Háà! Àgbàlagbà onírùngbọ̀n ń fi ọ̀dà kun bébà tútù, ó ń kọrin bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Gbogbo òwúrọ̀ ni Màmá ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn wọ́n wọra. Àkọ́bí wọn obìnrin, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ní eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ní Sátidé kan ní 2024, ní aago méje àárọ̀, Màmá dákẹ́ sí ilé ìwòsàn, àkọ́bí yìí di ọwọ́ wọn mú. Òun náà ló lọ túfọ̀ fún kíláàsì ní aago mẹ́wàá. Ó bá olùkọ́ méjìlá lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dà ò tíì gbẹ lórí bébà wọn. Àgbà wọn kí i káàbọ̀, ó ní Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, pé wọ́n ní àwọn ń lọ pe ọmọ àwọn wọlé. Àkọ́bí náà sún mọ́ iwájú. Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì, orúkọ tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Màmá fi ń kọ “kò wá” síwájú rẹ̀. Ti ọjọ́ náà, “ó wá” ni wọ́n kọ, íńkì rẹ̀ sì ṣì tutù. Ó jókòó.

Sátidé mẹ́ta ti kọjá, kò tíì pa ọ̀kan jẹ. A bi í bóyá òun ló ń kọ́ wọn báyìí. Ó ní rárá o, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun. A ò béèrè síwájú mọ́.

Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò ọkùnrin kan ni wọ́n fi sáyé.

Màmá, ẹ̀rù ń bà wá díẹ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn yín gan-an. Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ yín ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sùn.