Rìsíìtì Tí Mo Bèèrè Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Àǹtí Ọlákẹ́mi, ẹ kú ètò, ẹ kú làálàá àwa olùgbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ pé ìyá kan ní Jákáńdè ni.

Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé níbẹ̀ ló ń gba owó háyà. Wọ́n á san owó orí fún ìjọba ibẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀, wọ́n á wá fi ìpín tèmi ránṣẹ́. Lọ́dún yìí, mo kọ owó náà sínú fọ́ọ̀mù owó orí níbí, torí mi ò fẹ́ wàhálà. Akọ̀wé tó gbà á ní tí mo bá lè fi ìwé hàn pé wọ́n ti gba owó orí tèmi lọ́hùn-ún, àwọn á yọ ọ́ kúrò nínú ti ibí. Bí kò bá sí ìwé, kí n san gbogbo ẹ̀.

Ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n bá mi fi rìsíìtì ránṣẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tí mo fà lọ́wọ́ lọ síléèwé, ìwọ lo wá ń bi mí ní rìsíìtì?"

Mo ṣàlàyé títí, kò yé wọn. Ní báyìí, kò tiẹ̀ yé èmi náà mọ́. Wọn ò gbé fóònù mi mọ́.

Àǹtí, ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé kí n kúkú máa san owó orí ìlú méjì, kí n má bàa pàdánù wọn?