Ṣíbí Agolo Àkọ́kọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ìyàwó mi padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ó ku èmi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, Màmá, ìyá rẹ̀ tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ tí à ń pè ní Ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta péré ni Ọ̀gá. Tín-ín-rín ni wọ́n bí i. Ní báyìí, ẹ̀wù tí mo rán fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá ti há mọ́ ọn lápá. Inú Màmá ń dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọ̀gá yí orí kúrò lẹ́nu ìgò. Mo tún ki ìgò bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí ó fi mu ún tán. Màmá ní òun kì í da oúnjẹ ọmọ nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì gbé Ọ̀gá sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ti wúwo jù, báwo ni mo ṣe ń po mílíìkì. Mo fi ṣíbí hàn án. Ó wò ó, ó ní ṣé inú agolo tí à ń lò báyìí ló ti wá. Rárá o. Ti agolo àkọ́kọ́ ni, mílíìkì tí a ti pààrọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Méjì rẹ̀ tó mẹ́ta ti tuntun — mílíìkì ti ń pọ̀ jù fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Èmi télọ̀, tí n kì í gé aṣọ láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ojú gbà mí tì.

Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ náà kọjá ikùn. Àsìkò yìí ni ọpọlọ ọmọ ń kọ́ bí ebi ṣe rí, bí yíyó ṣe rí, àti bí ara yóò ṣe máa lo oúnjẹ. Bí a bá ń fipá bọ́ ọ, ó lè dàgbà tán kó má tètè mọ̀ pé òun yó. Ìyẹn lè fa sísanra jù, ìtọ̀ ṣúgà...

Ọjọ́rú, 12
N kò rán nǹkan kan. Aṣọ tí mo bá gé kúrú, mo lè lẹ̀ ẹ́. Ọpọlọ ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo pe Nọ́ọ̀sì, mo bi í bóyá mo ti ba ọmọ mi jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ọdún mẹ́ta, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Kí n lo ṣíbí tó tọ́. Bó bá yí orí, kí n gbà fún un.

Mo sọ fún Màmá. Ó wá ní ọmọ kan wà tí òun bí ṣáájú ìyàwó mi. Kò rí wàrà mu tó, ó sì kú. Ìyàwó mi gan-an kò gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Ìwọ̀n Ọ̀gá ti padà sójú ìlà tó yẹ nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo rán ṣòkòtò méjì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́rú, 26
Ọ̀gá yí orí. Mílíìkì ṣì kù nínú ìgò. Mo fẹ́ dìde lọ dà á nù, ṣùgbọ́n Màmá ti gba ìgò lọ́wọ́ mi. Ó wo ọmọ náà títí, ó ní ó ti yó. Ó sì lọ da èyí tó kù nù fúnra rẹ̀.