Aṣọ Tí Mo Dà Bo Bátìrì

Mọ́níyà, ọjọ́ Jímọ̀

Sìdíkátù ọmọ mi wá fi tẹmómítà wọn ìgbóná bátìrì sólà tó gbé sílé mi. Ó ti gbóná jù.

"Bàbá, ta ló daṣọ bò ó? Ẹ fẹ́ kó gbiná ni?"

Èmi ni, nítorí eruku.

Ó ká aṣọ náà kúrò kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí olóògbé ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kan ọrùn ọmọ tí ibà ń ṣe. Àárò ìyàwó mi sọ mí.

Èmi tíṣà sáyẹ́ǹsì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ kì í ṣe tẹmómítà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ní ara Sìdíkátù gbóná nígbà tó wà lọ́mọdé, mi ò dá a lóhùn. Òun nìkan ló pọn ọmọ lọ sí ọsibítù.

Mo sọ fún Sìdíkátù lónìí pé mo jẹ̀bi lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Màmá mi ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ fún."