Kẹ̀kẹ́ Oníwo Àgbò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Nòfẹ́ńbà, 1974
Mùíbì ọmọ mi gbé kẹ̀kẹ́ kan bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Eré inú ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń sá. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ èjìká. Òyìnbó! Ó ra ohun tí yóò gbé e, òun ló tún ń gbé e. Mùíbì ní kí n máa fi gbafẹ́, kí n sì kọ̀wé sí òun n'Ìbàdàn bóyá ó bá mi lára mu. Bí kò bá mu, yóò wá gbé e nígbà Iléyá.

Ọjọ́ Ajé, 4
Mo gùn ún yí Igbona, àdúgbò wa, ká. Àgbékẹ́ ìyàwó mi ní bí mo ṣe tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ yìí, ewúrẹ́ ni mò ń kí. Aládùúgbò kan béèrè bóyá n óò pa á fún Iléyá ni, tàbí n óò máa sìn ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ẹ̀yìn. Ìdí. N kò gun nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 7
Béjidé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Ókè-Baálẹ̀ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sókè díẹ̀. Ó dára báyìí — ó gba kòtò, ó gba iyanrìn. Bí mo bá ń wà á, kẹ́kẹ́ pa. Bí mo bá ń tì í, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Béjidé ní ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló tọ́ sí i. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Irọ́ ni. Ilé ẹ̀gbọ́n mi, Sàláúdéènì, ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè tì mí lójú. 1938. Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí ní akọ̀wé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń hun aṣọ rán mi lọ sí ilé-ìwé, jókòó níwájú ilé pẹ̀lú àwọn àna wọn. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ a sọ̀ kalẹ̀ kó tó kí àgbà. Èmi tẹ aago, mo juwọ́, mo kọjá. Ṣòkòtò mi funfun — n kò fẹ́ kí eruku bà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Akọ̀wé, máa lọ." Láti ìgbà náà, ẹnu ẹlòmíràn la fi ń kí ara wa. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ṣòkòtò náà kò lo ọdún méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Fàtímọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wá. Ojú bàbá rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tíì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ ń gbìyànjú láti pẹ́." Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo dé ìdajì ọ̀nà, mo padà. Àgbékẹ́ ti gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ dè mí. Ìyẹn ló burú.

Ọjọ́rú, 13
Mo lọ. Nígbà tó kù díẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í. Ìyà tó tọ́ sí mi nìyí: mo sọ̀ níkẹyìn, ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ sọ̀ kò ríran mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú ilé. N kò tíì lanu tí wọ́n fi ní, "Akọ̀wé."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní láti ilé kẹwàá.

"Ilé kẹfà ni. Ibẹ̀ ni ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àsọdùn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ."

Wọ́n fọwọ́ tọ́ ìwo kẹ̀kẹ́ náà títí, wọ́n ní okùn rẹ̀ dà. Wọ́n ní kí n tún wá lọ́la, kí n sọ̀ láti ilé kẹwàá.

Mo ti kọ̀wé sí Mùíbì: kó má wá gbé e. Ó bá mi lára mu. Ó rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.