Irun Funfun Lọ́kàánkán Ṣọ́ọ̀bù Bọ́sẹ̀

Màámi, adé orí mi,

Èmi ọmọ yín ni o. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé, Tómi ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́, kó má bá mi tún nǹkan kan ṣe. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Inú mi sì ń dùn gan-an, torí ọwọ́ mi ti tẹ Bọ́sẹ̀.

Bọ́sẹ̀ tí ẹ kọ́ ní irun dídì yẹn náà. Ọmọ tó ń sùn lórí ẹní wa ní Ìsọlọ̀ níbí, tó ń jẹ nínú ìkòkò wa, tí ẹ gbàdúrà fún lọ́jọ́ tó ṣe fríídọ̀mù, tí ẹ fi òòyà yín gan-an lé lọ́wọ́. Òun náà ló di Màdáámù, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì sí òdìkejì ilé wa. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ bá a pé kó bá yín fọ irun, kó fi díráyà fẹ́ ẹ, torí ìgbéyàwó ìyá Tómi, ó wò yín níwájú àwọn kọ́sítọ́mà, ó ní, "Màmá, kí ni kí n fẹ́ níbẹ̀? Ẹ lọ wé gèlè."

Ẹ ò sọ fún mi. Ẹ ti kú tán kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ tó wá sọ ọ́. Èmi kàn rí i pé látọjọ́ yẹn, ẹ ò ṣí orí mọ́. Kódà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ di sìkáàfù yín mú nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ tú u. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màámi? Ṣé ẹ rò pé màá lọ fọ́ gíláàsì ẹ̀ ni? Màá kúkú fọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo wẹ̀ yín kẹ́yìn ni mo tó rí irun náà. Ó funfun báláú, ó sì ṣì kún dáadáa. Irun tó dáa ni.

Ni mo bá ní kí Tómi mú mi lọ sí Òṣòdì. Nǹkan kan ti dé báyìí, díráyà ni, búrọ́ọ̀ṣì náà ni. Atẹ́gùn gbígbóná á máa jáde láàárín eyín ẹ̀, ẹ ó máa fi ya irun, irun á máa gbẹ, á máa nà. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á kó mẹ́ta síwájú mi. Ó ní kí n mú èyí tó tóbi jù, pé òun ló ń yá. Mo gbé e, ó wúwo bí ọmọ odó. Mo ní ẹni tí orúnkún ń dùn, ṣé kí apá náà tún bẹ̀rẹ̀? Ìkejì, bọ́tìnì kan péré ló ní, gbígbóná nìkan ló mọ̀. Tómi fẹ́ràn ìyẹn torí pé ó pọ́n rẹ́sú-rẹ́sú. Mo ní kí wọ́n tan ìkẹta, mo fi ìgbọ̀nwọ́ sí i bí ẹ ṣe máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi ọmọ tuntun wò. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èèyàn lè yí i sí gbígbóná, ó lè yí i sí tútù. Mo fọwọ́ ra eyín ẹ̀, orí eyín náà rí roboto, kò gún mi. Wáyà ẹ̀ gùn, á ti sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ dé ìta. Ọ̀gbẹ́ni ní Màmá ń yan búrọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń yan ọkọ. Mo ní ọkọ ni mi ò dán wò kí n tó gbé e, ojú mi sì rí nǹkan. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

A délé, mo fi àdín pa orí Tómi dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan irun. Mo wá tan búrọ́ọ̀ṣì. Èéfín gba ilé, ó ń rùn bí ẹni ń dín àkàrà. Àṣé kí irun mọ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ni, òróró ló ń kẹ́yìn. Tómi ní kí n fi sí i pé òun ò tíì gbàgbé.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé àga síta, ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù Bọ́sẹ̀ gan-an. Ìyá tí irun ẹ̀ bá funfun nìkan ni mò ń ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá Dúpẹ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló kọ́kọ́ jókòó. Mo fẹ́ irun ẹ̀ tán, irun náà dìde bí òwú, Ìyá Dúpẹ́ ní òun ò wé nǹkan kan lọ sílé. Kò pẹ́, wọ́n ti ń wá láti Èjìgbò, wọ́n ń wá láti Àgọ́ Palace. Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ibí ni mo gbé àga sí, màá sọ ohun tí Bọ́sẹ̀ sọ sí yín fún un, màá sì gbóhùn sókè kí Bọ́sẹ̀ náà lè gbọ́. Àwọn ọmọ wọn tó jẹ́ kọ́sítọ́mà ẹ̀ ń gbọ́. Wọ́n á wo gíláàsì ẹ̀, wọ́n á kọjá lọ. Màámi, ó dùn mọ́ mi, ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Ni Bọ́sẹ̀ bá wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ń bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́ mọ́, pé ó ti dé etí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, wọ́n ń bèèrè irú ilé tí ọmọ náà ti jáde. Mo ní kó ṣí wíìgì ẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣí i. Iwájú orí ẹ̀ ti lọ, gúlúù wíìgì ti jẹ ẹ́ dé àárín. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó bẹ́ẹ̀ títí màá fi ṣe ti gbogbo àwọn ìyá tán. Ìyá Dúpẹ́ ní ó tó, kí n jẹ́ kó bo orí. Mo ní, "Ìyá mi bo tiwọn títí wọ́n fi kú. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Ó jókòó, oòrùn ń pa á. Nígbà tí mo ṣetán, mo sọ fún un pé tó bá fẹ́ kí n dákẹ́, gbogbo Sátidé ni kó máa wá láìsí wíìgì, kó máa bá mi fọ orí àwọn ìyá yìí.

Ó wá ní Sátidé tó kọjá. Ó gbé orí Ìyá Dúpẹ́ lé ọwọ́ òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi. Ó fi ìka kékeré la irun náà láti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú, ó wá ń ra ẹ̀yìn etí jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Màámi, ọwọ́ yín ni. Bí ẹ ṣe ń ṣe orí mi ní kékeré gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èmi tí ẹ bí, ata ni mo yàn láti máa tà, mo ní irun dídì máa ń pẹ́ jù, mi ò kọ́ ọ. Ṣé ó dùn yín? Ìyẹn náà, ẹ ò sọ ọ́. Mo di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fẹ́ lásán, Tómi ní ṣé ọṣẹ ló ta sí mi lójú ni.

Mi ò tíì dárí jì í o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Tó bá fi wíìgì sórí wá pẹ́nrẹ́n, màá sọ ọ́ dé Òṣòdì. Ṣùgbọ́n ara ìkà yìí nìkan ni ọwọ́ yín ṣẹ́ kù sí láyé. Mo ti ní kó tètè dé ní Sátidé tó ń bọ̀. Orí tèmi ni yóò kọ́kọ́ fọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín ẹlẹ́nu gbọọrọ, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn ẹ̀.