Ìdáhùn Mi Lórí Irinṣẹ́ Mẹ́ta Tí O Ní Kí N Yẹ̀ Wò

Okumagba Layout,
Warri.

Adérìnsọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí iṣẹ́. Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí òjò dá lánàá kí n lè rí àyè kọ̀wé yóò jẹ́ kí Èkó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ara mi le, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ àdéhùn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má ṣe jẹ́ kí ìwé yìí gùn.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ dáhùn. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti kọ nǹkan sí mi kẹ́yìn, nítorí náà mo wẹ̀, mo sì wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi kí n tó kà á. Mo rí i pé o pe mí ní Ọ̀gá Nasirudeen níbẹ̀rẹ̀. Kò bí mi nínú. Ẹni tí ó ń fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ènìyàn púpọ̀ máa ń gbàgbé láti pààrọ̀ orúkọ, ta ló sì mọ ìyẹn jù mí lọ. O ní irinṣẹ́ mẹ́ta wà fún ṣíṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n, pé ẹnikẹ́ni lè tú inú wọn wò, kí n yẹ̀ wọ́n wò, kí n sì sọ èyí tí ilé iṣẹ́ yín yóò mú. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Ó yé mi dáadáa. Fọ́ọ̀mù alálàfo ni. Ènìyàn kọ ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ yín yóò dí àwọn àlàfo náà kí ó tó dé iwájú ẹni tí yóò kà á. Èyí dára, nítorí kò yẹ kí a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àna kí á ní kí ó fúnra rẹ̀ kọ orúkọ sí i. Ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe fún àwa ọmọ Yorùbá ní Warri nìyẹn, gbogbo lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó àti ìdáhùn wọn, inú fáìlì mi ni wọ́n ti ń jáde.

Mo rò ó pé ẹni tí fọ́ọ̀mù ti ṣe léṣe rí ló yẹ kí ó bá mi dán wọn wò. Ni mo bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Orhuwhorun, ọ̀dọ̀ Godwin, bàbá Victor.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ rẹ fún Victor, ìwé ìdáhùn tí mo fà yọ nínú fáìlì, èyí tí mo kọ ní 1998 sí ọkùnrin kan tó jí jẹnẹrétọ̀ ìjọ ni. Orúkọ nìkan ni mo pààrọ̀. Wọ́n kà á lójú gbogbo ènìyàn pé a kò ní fi ọmọ wa fún Victor àfi bí ó bá dá jẹnẹrétọ̀ padà. Mo ti mọ àṣìṣe mi kí olùkàwé tó dé ìdajì. Mo dákẹ́, nítorí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, mo sì gbà pé ọ̀gá ilé-ìwé kì í ṣì í kọ. Wọ́n gbé iṣu wọn, wọ́n lọ. Ìwọ náà gbé àpótí rẹ, o lọ.

Godwin kò fún mi ní àga. Ó bi mí bóyá jẹnẹrétọ̀ ni mo wá wá. Mo ṣí ìwé eléwé ogójì mẹ́ta tí mo ti da àwọn irinṣẹ́ náà kọ sí. Ti àkọ́kọ́ kò gba nǹkan kan bí kò ṣe àlàfo, kò gba àròyé. Godwin ní ó jọ mí. Ti ẹ̀kẹta gbé odindi ilé wá, ìlẹ̀kùn, ilé ìdáná, ọlọ́dẹ, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò nílò ilé, ẹni tí yóò jókòó sórí àga kan kí ó bẹ òun ni òun ń wá láti ọdún mẹ́rin. Ti ẹ̀kejì ló gba kí a kọ “bí ó bá jẹ́ báyìí” sínú rẹ̀. A kọ ọ́ pé bí ọkọ ìyàwó bá jẹ́ olè, kí ó mẹ́nu ba jẹnẹrétọ̀, bí kò bá jẹ́ olè, kí ó panu mọ́. Godwin ní ká ní mo ní èyí lọ́jọ́ náà, òun ìbá ti ní ọmọ-ọmọ. Ìwọ náà kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ pé bí àlàfo kan bá ṣófo, irinṣẹ́ náà yóò dúró, yóò pariwo, kò ní jẹ́ kí ìwé jáde. Ìyẹn ni kí ẹ mú. Ohun tí ó bá ṣìṣe tí ó sì lè pariwo sàn ju bàbá rẹ lọ.

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Mo ṣí fìlà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó gbé àga wá, ó gbé ọbẹ̀ bánga àti òkèlè sítáàṣì wá. Ó ní Victor kò tíì gbéyàwó, ṣùgbọ́n “na pesin dey marry, no be form,” nítorí náà ẹnu ìwọ fúnra rẹ ni wọn yóò ti gbọ́ ìdáhùn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ lọ láìgba ọpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo fẹ́ ra ẹja gbígbẹ ní ọjà Ogbe-Ijoh fún gbogbo wọn. Kọ àdírẹ́sì wọn wá, igba ènìyàn lé díẹ̀ ni o pè wọ́n.

Bí Nasirudeen kan bá sì wà lóòótọ́ tó ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, fi ìdáhùn mi ránṣẹ́ sí i. Kí o kọ́kọ́ pààrọ̀ orúkọ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, pàápàá àbọ̀. Lẹ́tà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí, ọwọ́ mi kò sì tó láti dí i:

Èmi, Adérìnsọ́lá, ń bọ̀ wálé ní ọjọ́ ……………

Bàbá rẹ,
Adégbóyè